Sẹ́ńsọ̀ Kámúṣáàfù: Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Ra Tuntun

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ ṣe síkáànù, tí ẹ̀rọ sì gbé P0340 jáde, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Sẹ́ńsọ̀ kámúṣáàfù ti lọ, ẹ lọ ra òmíràn wá.” Ẹ má tíì lọ. Kóòdù yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tó ń wí ni pé brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ń retí àmì láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà, àmì ọ̀hún kò sì dé bó ṣe yẹ. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kò rán an lóòótọ́. Ó lè jẹ́ pé wáyà ni kò gbé e débẹ̀. Iná lè má dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ rárá. Ó sì lè jẹ́ pé ṣéènì táímìnnì ti fà, tí sẹ́ńsọ̀ ń jíṣẹ́ bó ṣe rí i, tí wọ́n wá fẹ́ yọ ọ́ sọnù nítorí iṣẹ́ tó jẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni owó àwọn èèyàn tó ń ṣòfò. Ọlọ́kọ̀ á ra sẹ́ńsọ̀ kan, ọkọ̀ á tún kú. Á ra ìkejì, á ra kọ́ìlì, á ra pọ́ọ̀ǹpù epo, nígbà tó bá yá wọ́n á ní brain box ni. Ó sì lè jẹ́ wáyà kan ṣoṣo tó já nínú rọ́bà rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ ka orí yìí, yálà ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, tàbí ẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, tàbí ẹ jẹ́ ríwáyà tó ti pẹ́ nídìí iná ọkọ̀.

Ohun èlò tí a nílò kò pọ̀: mọ́tímítà kan, sípánà 10, tọ́ọ̀ṣì, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín méjì, àti ẹ̀rọ síkáànù kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ELM327. Àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wá, bí wọ́n bá ti jẹ́ ti ọdún 1996 sókè, ní ojú síkáànù oníhò 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀.

Iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe

Iṣẹ́ mẹ́rin ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń ṣe tẹ̀léra: yóò fa afẹ́fẹ́ òun epo wọlé, yóò fún un pọ̀, iná yóò ràn mọ́ ọn, yóò sì ti èéfín jáde. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí, kíráńkúṣáàfù á ti yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáàfù tó ń ṣí fáàfù tó sì ń tì í á yí lẹ́ẹ̀kan péré. Sẹ́ńsọ̀ kíráńkú lè sọ fún brain box pé písítìnnì kìíní ti dé òkè pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá ó gòkè láti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ni tàbí láti ti èéfín jáde. Ẹ wo aago ara ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí 12, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé kò lè fi aago yẹn nìkan mọ̀ bóyá ọ̀sán gangan ni tàbí ọ̀gànjọ́ òru. Sẹ́ńsọ̀ kámúṣáàfù ló ń sọ pé ọ̀sán ni.

Ìgbà tí brain box bá mọ èyí ló tó mọ ínjẹ́tọ̀ tí yóò wọ́n epo àti kọ́ìlì tí yóò ta iná. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì VVT-i ti Toyota àti i-VTEC ti Honda, àmì yìí kan náà ló fi ń mọ̀ bóyá kámúṣáàfù sún síwájú tàbí sẹ́yìn tó bí òun ṣe pàṣẹ fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó kún ojú pópó wa, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE. Àwo tí sẹ́ńsọ̀ kíráńkú rẹ̀ ń kà ní eyín 34. Ààyè eyín 36 ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ méjì kí àlàfo náà lè jẹ́ àmì. Ti kámúṣáàfù kò ní ju eyín 3 lọ. Bí eyín kan bá ti kọjá níwájú imú sẹ́ńsọ̀, tí àlàfo tín-ín-rín sì wà láàárín wọn, iná kékeré á ta sínú wáyà. Eyín 3 yẹn ni brain box fi ń to àwọn 34 sí ipò wọn. Ẹ lè wá rí ìdí tí àmì kan ṣoṣo tó sọnù nínú mẹ́ta fi lè da gbogbo ìṣirò rú.

Oríṣi méjì ni ẹ máa pàdé jù. Èyí tó ní wáyà méjì jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iná rẹ̀, kò tọrọ iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Corolla tí mo sọ lókè àti Camry ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE ń lo irú yìí. Èyí tó ní wáyà mẹ́ta ní iṣẹ́ ẹlẹ́tíróníìkì nínú, Hall lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí jù: wáyà kan ń gbé iná wá fún un, ọ̀kan jẹ́ éètì, ọ̀kan ń gbé àmì lọ. Láti Corolla 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2ZR-FE ni Toyota ti fi onímẹ́ta sí i, méjì ló sì wà lórí ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀kan fún kámú afẹ́fẹ́, ọ̀kan fún kámú èéfín. Ẹ ka wáyà kí ẹ tó gbé mítà, torí ọ̀nà tí a ń gbà wọn méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ìwà tí ọkọ̀ máa ń hù

Iná check engine ló sábà máa ń kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tó ti máa ń jí lójú ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó jí. Ẹ máa kíìkì títí kó tó dáhùn, nítorí pé brain box ń wá sìlíńdà tó kàn, kò sì rí ẹni sọ fún un. Bó bá jí tán, àwọn ẹ́ńjìnnì kan á fi sẹ́ńsọ̀ kíráńkú nìkan ti ara wọn lọ: agbára á dín, ọkọ̀ á máa já kàtà-kàtà bí ẹ bá tẹ tọ́tù lójijì, epo á máa jó ju ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn á kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò jí.

Èyí tó ń da èèyàn lóró jù ni ti ooru. Àárọ̀ kùtù, ọkọ̀ á dára. Bẹ́ ẹ bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ìgbà díẹ̀, tí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná janjan, á kú. Ẹ ó kíìkì títí, kò ní jí. Ẹ dúró ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tutù, á jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò ní kú níbẹ̀. Wáyà bàbà inú sẹ́ńsọ̀ tó ti sán ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ooru á fẹ̀ ẹ́, á ya, ó tutù, á tún fara kan ara wọn. Sẹ́ńsọ̀ kíráńkú náà máa ń hu ìwà yìí gan-an, nítorí náà ẹ má fi ìwà nìkan dájọ́.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun. Ẹ so síkáànù mọ́ ọkọ̀, kí ẹ wo ibi tó ń fi RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) hàn nígbà tí ẹlòmíì ń bá yín kíìkì. Bí RPM bá dúró sórí 0 tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí, sẹ́ńsọ̀ kíráńkú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí RPM bá ń fi 150 tàbí 200 hàn, kíráńkú ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ẹ wá tọ kámúṣáàfù lọ. Èmi ka ìdánwò yìí sí ọ̀kan pàtàkì jù nínú orí yìí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá kú lórí eré, ọwọ́ ìdarí á wúwo, bíréèkì á sì le lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ di ọwọ́ ìdarí mú gírígírí, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan ṣinṣin, kí ẹ sì rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti ń kú báyìí kò gbọ́dọ̀ gbé e bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kó tó tún un ṣe, láàárín àwọn tírélà yẹn.

Kóòdù àti ohun tó túmọ̀ sí

Ẹ kọ gbogbo kóòdù tó bá jáde sílẹ̀, kì í ṣe èyí tó kan kámúṣáàfù nìkan, kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́. P0340 ń wí pé àmì kò dé. P0341 ń wí pé àmì ń dé, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí àyè rẹ̀. P0342 ni pé fóòtì orí wáyà àmì kéré jù, P0343 ni pé ó ga jù, P0344 sì ni pé ó ń wá ó ń lọ. Fún ẹ́ńjìnnì V6, P0345 sí P0349 ń sọ ohun kan náà nípa apá kejì, ìyẹn apá tí sìlíńdà kìíní kò sí. P0365 àti àwọn tó tẹ̀lé e jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ kejì lórí apá kìíní, ti kámú èéfín nìyẹn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níhìn-ín ni kí wọ́n pààrọ̀ ti afẹ́fẹ́ nígbà tí kóòdù ń pe ti èéfín.

P0340 àti P0341 kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá. Èyí àkọ́kọ́ sábà máa ń tọ́ka sí iná, wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀. Èyí kejì, pàápàá tí P0016 bá tẹ̀ lé e, ń tọ́ka sí táímìnnì. P0016 ń sọ pé ohun tí kíráńkú ń wí àti ohun tí kámúṣáàfù ń wí kò bá ara mu. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀, wọn ò kàn gbọ́ra wọn yé. Bẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ má tíì ná owó kankan sórí sẹ́ńsọ̀.

Bí kóòdù sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yẹ bátìrì àti éètì wò. Bátìrì tó kún máa ń fi nǹkan bí 12.6 fóòtì hàn nígbà tí ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́. Bó bá já wá sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí ẹ̀ ń kíìkì, bátìrì ti rẹ̀, brain box kò sì ní lè ka sẹ́ńsọ̀ kankan dáadáa.

Ojú àti ọwọ́ ṣáájú mítà

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí jíà wà ní P tàbí ní ipò òfo, kí ẹ ká apá aṣọ sókè. Fáànù ráádíétọ̀ lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kódà bí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́.

Ẹ wá sẹ́ńsọ̀ náà ní etí orí sìlíńdà, níbi tí kámúṣáàfù parí sí. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló sábà máa ń dè é mọ́lẹ̀. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀: ẹ tẹ etí tó há a, kí ẹ sì fa sọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ẹ má fa wáyà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, yálà gásíkẹ́ẹ̀tì kọ́fà òkè ti ń jò lé e lórí ni, tàbí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ti sán tí ọ́ìlì sì ń gba inú rẹ̀ jáde. Ẹ fi oògùn ìfọ́n tí wọ́n fi ń fọ ojú iná (contact cleaner) fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì tún orísun ọ́ìlì náà ṣe. Ẹ wò ó bóyá píìnì kankan ti tẹ̀ tàbí ti sún sẹ́yìn. Ẹ wò ó bóyá etí tó ń há a ti kán, torí ọ̀pọ̀ ló ti kán lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́ gbẹ̀yìn, tí wọ́n sì fi okùn tàbí téèpù so ó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi okùn so á máa mì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mì, àmì á sì máa wá, á máa lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tọ wáyà láti sọ́kẹ́ẹ̀tì títí ó fi wọ inú ìdì ńlá. Ìka máa ń rí ohun tí ojú ò rí. Mo rí Corolla 2005 kan tó ń ná Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ bó bá ti gun òkè kékeré tí wọ́n fi ń dín eré kù lójú ọ̀nà, á kú. Sẹ́ńsọ̀ dára, sọ́kẹ́ẹ̀tì dára. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń fi ìka tọ wáyà, a kan ibì kan tó rọ̀ ju ibòmíràn lọ, níbi tó ti ń fara ha irin tó gbé páìpù dúró. Rọ́bà rẹ̀ ti là bí ojú abẹ. Nígbà tí a ya rọ́bà náà sí méjì, bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó sì rún mọ́ wa lọ́wọ́ bí iyẹ̀pẹ̀. A gé ibi tó ti jẹrà kúrò títí a fi kan bàbà tó ń dán, a jó o pọ̀ pẹ̀lú òjé, a fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó, a sì fi okùn pílásítíìkì dè é jìnnà sí irin yẹn. Ọkọ̀ náà kò kú mọ́.

Ibi tí eku ti jẹ wáyà náà wọ́pọ̀, pàápàá lára ọkọ̀ tó pẹ́ lórí ìdúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí ríwáyà kan ti so wáyà tẹ́lẹ̀. Lára sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì, bí wọ́n bá so àwọn méjèèjì lódì, àmì á yí padà sódì, ọkọ̀ kò sì ní jí dáadáa bí sẹ́ńsọ̀ tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà kan ni kí ẹ gé kí ẹ sì so lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gé méjì pọ̀.

Mítà lára oníwáyà méjì

Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, ẹ yí mítà sí óòmù, kí ẹ kan píìnì méjèèjì tó wà lára sẹ́ńsọ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn máa ń wà láàárín 200 sí 2,500 óòmù. Iye tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ni abẹ gé. Bí mítà bá kọ OL, wáyà inú rẹ̀ ti já, sẹ́ńsọ̀ ti kú. Bó bá sún mọ́ 0, wáyà inú rẹ̀ ti fara kan ara wọn, ó ti kú náà. Ẹ tún kan píìnì kan, kí ẹ sì kan ara irin ẹ́ńjìnnì: OL ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Iye tó dára nígbà òtútù kò tíì parí ẹjọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ooru tí mo sọ. Bí ọkọ̀ bá kú nítorí ooru, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kó tó tutù. Tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i nígbà tí mítà wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ gòkè díẹ̀díẹ̀, torí bàbà tó gbóná máa ń le fún iná láti kọjá: sẹ́ńsọ̀ tó jẹ́ 1,000 óòmù lórí 30 ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì á tó nǹkan bí 1,200 lórí 90. Ìyẹn dára. Bó bá fò lójijì sí OL, ẹ ti rí ọ̀daràn.

Ìdánwò kejì ni ti iná tó ń ṣe. Ẹ yí mítà sí fóòtì AC, ẹ fi sára píìnì méjèèjì, kí ẹlòmíì kíìkì. Níwọ̀n bó ti jẹ́ eyín díẹ̀ ló ń kọjá, nọ́ńbà náà lè má ju ìdá díẹ̀ nínú fóòtì kan lọ, mítà olówó pọ́ọ́kú sì lè má ká a délẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń wá ni pé kó máa mì. Bó bá dúró gbọin lórí 0 tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ jáde kí ẹ wo imú rẹ̀. Ẹ̀rún irin tó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì lè dí i lójú, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tún un wọ̀n. Ẹ wo inú ihò náà pẹ̀lú: bí ẹ̀rún irin bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ara rẹ̀ níbì kan, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá ti sẹ́ńsọ̀.

Mítà lára oníwáyà mẹ́ta

Ẹ má ṣe wọn óòmù lára irú èyí. Nọ́ńbà tó máa jáde kò ní ìtumọ̀ kankan, iná mítà sì lè ba inú rẹ̀ jẹ́. Fóòtì DC là ń wọ̀n.

Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣíná. Ẹ fi ẹnu dúdú mítà sórí orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí ẹ fi ẹnu pupa kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti ọ̀dọ̀ brain box wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi 5 fóòtì hàn, tàbí 12 lára àwọn ọkọ̀ kan. Iná tó ń bọ́ sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wáyà àmì náà á fi nǹkan bí 5 hàn, nítorí brain box ló ń fi ránṣẹ́. Ìkẹta á wà lórí 0. Ṣùgbọ́n 0 kò fi hàn pé éètì ni, torí wáyà tó já náà 0 ló máa fi hàn. Ẹ gbé ẹnu pupa sórí pọ́sítíìfù bátìrì, kí ẹ fi ẹnu dúdú kan ojú éètì yẹn: bó bá fi iye bátìrì hàn pérépéré, éètì dára.

Bí 5 fóòtì kò bá sí, ẹ má sáré dá brain box lẹ́bi. Sẹ́ńsọ̀ bíi mélòó kan ló ń pín iná 5 fóòtì kan náà lò, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti jóná sínú, á fa ti gbogbo wọn wálẹ̀. Ẹ máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí mítà ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí ẹ bá yọ tí 5 fóòtì sì padà wá ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ brain box tí wọ́n ti jù sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ra òmíràn rọ́pò, kò ní àléébù kankan.

Bí iná àti éètì bá pé, ẹ dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà, ẹ rọra ti abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé kó kan wáyà àmì. Ẹ má gún rọ́bà wáyà, torí ibi tí ẹ bá gún ni omi máa gbà wọlé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ní ON, ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò lójú ihò rẹ̀ láìyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi sípánà kọjá níwájú imú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ irú Hall, nọ́ńbà á fò láti 5 sí itòsí 0, á tún padà. Bí kò bá fò, ẹ dá a padà sáyè, kí ẹlòmíì fi sípánà yí nọ́ọ̀tì púlì kíráńkú díẹ̀díẹ̀, síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí nìkan, kí ẹ máa wo mítà. Kíráńkú gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dájọ́. Iná pé, éètì pé, eyín ń kọjá, àmì kò yí padà: sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́. Ẹ lè lọ ra òmíràn báyìí.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá yege nínú oríṣi èyíkéyìí, wáyà ló kàn. Ẹ tú orí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, kí ẹ wọn wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìkángun dé ìkángun. Kò yẹ kó ju 1 tàbí 2 óòmù lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kan ara irin ọkọ̀ níbì kankan. Ẹ máa mi ìdì wáyà bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Nígbà tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ òótọ́

Bí sẹ́ńsọ̀ dára, tí wáyà dára, tí P0341 tàbí P0016 sì ń padà wá, ẹ fa irin ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ló ń ti ohun tó ń sún kámúṣáàfù síwájú sẹ́yìn. Ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ tàbí tó ti nípọn bí ọ̀dà kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fílítà, ẹ yọ fáàfù VVT tó ń darí ọ́ìlì náà kí ẹ fọ asẹ́ kékeré rẹ̀, kí ẹ tún síkáànù. Bí ẹ bá tún ń gbọ́ ariwo wáràwàrà láti ìhà ṣéènì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣíná láàárọ̀, ṣéènì ti fà. Ó wọ́pọ̀ lára ẹ́ńjìnnì K24 inú Honda Accord àti CR-V pé kí ṣéènì tó ti fà gbé P0341 jáde, ẹni tó bá sì ń pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lé e lórí kàn ń náwó ni. Bí ṣéènì tó fà bá fi lè fo eyín, fáàfù àti písítìnnì lè kọlu ara wọn, owó tí ọlọ́kọ̀ á wá san á ju ti ṣéènì lọ fíìfíì.

Rírà àti fífi sí i

Ẹ mú èyí tó ti bàjẹ́ dání lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ọjà Àrárọ̀mí ní Gate, Ìbàdàn. Ẹ fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wéra, ẹ fi ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì wéra, kí ẹ sì fi méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ wo gígùn imú wọn. Bí imú tuntun bá kúrú, kò ní gbọ́ eyín. Bó bá gùn, eyín á fọ́ ọ. Èrò tèmi ni pé bẹ́ljíọ̀mù ojúlówó, ìyẹn àlòkù tó ti òkè òkun wá, tí mítà ti yẹ̀ wò sàn ju tuntun inú páálí dídán tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára. Bó bá jẹ́ oníwáyà méjì, ẹ wọn óòmù rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á kí owó tó jáde.

Ẹ nu àyíká ihò kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, kí ìdọ̀tí má bàa já sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa rọ́bà róbótó tó wà lọ́rùn tuntun, kí ẹ fi ọwọ́ tì í títí yóò fi jókòó. Bí kò bá jókòó, ẹ má fi nọ́ọ̀tì fà á wálẹ̀, ara rẹ̀ á sán. Nọ́ọ̀tì náà ń fẹ́ ìdè díẹ̀, nǹkan bí 9 sí 10 Nm. Alumíníọ̀mù ni ara orí sìlíńdà, ojú rẹ̀ sì máa ń jẹ kíákíá. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa, ẹ pa á, kí ẹ tún un jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Jíjí àárọ̀ kò tó ẹ̀rí. Jíjí nígbà tó gbóná ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ yín fúnra yín, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá ti ní sẹ́ńsọ̀ kámúṣáàfù ti lọ, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà tó wà lójú mítà hàn yín kí ẹ tó mú owó jáde. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.